Ẹmu ti Wákàtí, Wáìnì ti Ọdún

Ẹni tó bá fẹ́ ra tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, lọ́jà Bassila ní Benin kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyá olọ́tí yóò bu díẹ̀ fún un nínú igbá kékeré pé kó tọ́ ọ wò ná. Oníbàárà á fẹ́ ìfófò orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á fà á díẹ̀ sẹ́nu, á sì dá a dúró níbẹ̀ kó tó gbé e mì. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ ọtí, kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún un ìgbà tí wọ́n pọn ọ́n. Ó mọ̀ bóyá ti àná ni tàbí ti ìjẹta, ó sì mọ̀ bóyá yóò ṣì ṣe é mu títí di ìrọ̀lẹ́, tàbí kí wọ́n tètè mu ún tán kí oòrùn tó kanrí.

Ohun tí oníbàárà yìí ṣe gan-an ni àwọn atọ́wáìnìwò ń gbowó lé lórí nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ń ka àkókò nínú ohun mímu. Ti Bassila jẹ́ ti wákàtí, tiwọn jẹ́ ti ọdún. Wáìnì funfun tí kò dùn, èyí tó lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí ogún nínú ìgò kó sì máa sunwọ̀n sí i, ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́ wò. Ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé. Ẹmu ni n ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó ń ba ẹmu jẹ́ ti mọ ìdajì ohun tó ń dá wáìnì sí.

Omi tó ń jáde lára ọ̀pẹ, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sínú akèrègbè, kì í ṣe ọtí rárá. Omi ṣúgà ni: nínú ọgọ́rùn-ún ìdá rẹ̀, ṣúgà ń kó bíi mẹ́wàá sí méjìlá, kò sì kan. Òṣùwọ̀n tí àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni wọ́n ń pè ní pH. Omi lásán wà lórí 7, ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára igi náà sì wà ní àyíká ibẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń le sí i, ìṣísẹ̀ kan péré sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá.

Kí adẹ́mu tó gbé akèrègbè rẹ̀ délé ni ìwúkàrà ara igi àti ti akèrègbè fúnra rẹ̀ ti bọ́ sínú omi yìí. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú ẹmu hó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn bakitéríà kan ti ń sọ ṣúgà kan náà di ásíìdì. Láàárín ọjọ́ kan, pH ẹmu lè ti já láti 7 bọ́ sí nǹkan bíi 4. Lẹ́yìn náà ni bakitéríà mìíràn á dé, èyí tó jẹ́ pé ọtí gan-an ni oúnjẹ tirẹ̀, á sì sọ ọ́ di fínígà. Nduka Okafor, onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó fi àwọn ọdún 1970 wá ìdí irú ìwúkàrà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ẹmu.

Ẹmu kò lè pẹ́ nítorí pé gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, oúnjẹ wọn kò tíì tán, ilẹ̀ sì gbóná. Ní gúúsù Nàìjíríà, àwọn adẹ́mu kan máa ń ki èèpo igi Saccoglottis gabonensis bọ inú rẹ̀ kó má bàa tètè kan. Ó ń dá bakitéríà dúró díẹ̀, ó sì ń fi ìkorò kan tí àwọn òǹmu fẹ́ràn kún un, àmọ́ kì í sọ ọjọ́ di oṣù. Àwa ní Benin ń gbà á lọ́nà mìíràn: a ń sè é, a ń jẹ́ kí ooru rẹ̀ gba ọ̀pá kọjá kó sì tutù, a fi ń ṣe sodabi. Kòkòrò kankan kò lè gbé inú sodabi. Ó lè dúró títí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹmu mọ́.

Tchoukoutou sàn díẹ̀ ju ẹmu lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn obìnrin tó ń pọn ọ́n máa ń rẹ ọkà bàbà, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sè é. Omi rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kan kó tó di ọtí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un sè ni wọ́n tó da kpètè-kpètè sí i, ìyẹn ìwúkàrà tó kù láti ara èyí tí wọ́n pọn tẹ́lẹ̀, á sì hó di ọjọ́ kejì. Nítorí pé kíkan ti ṣáájú ọtí níbẹ̀, bakitéríà burúkú kì í tètè rí ọ̀nà wọlé. Tchakpalo tí wọ́n ń mu ní agbègbè Savè àti Dassa dùn jù ú lọ, ọtí inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àti ọ̀kan àti èkejì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ẹ wá wo àjàrà. Èso yìí ti ní ásíìdì tirẹ̀ kí ìwúkàrà kankan tó kàn án: tartaric àti malic ni méjì tó pọ̀ jù níbẹ̀. Omi èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe wáìnì funfun tó lè pẹ́ máa ń wà láàárín 3 sí 3.4 lórí òṣùwọ̀n pH. Bí a bá fi 3 yẹn wé 7 ti ẹmu tuntun, kíkan rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 10,000. Bakitéríà tó ń ba nǹkan jẹ́ kò lè ṣe bó ṣe fẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwúkàrà á jẹ ṣúgà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé wáìnì tí wọ́n bá pè ní èyí tí kò dùn kò gbọ́dọ̀ ní ju gíráàmù 4 ṣúgà lọ nínú lítà kan, tàbí 9 bí kíkan rẹ̀ bá le tó láti gbé e. Wọ́n á sẹ́ ìwúkàrà kúrò, wọ́n á fi ìwọ̀nba èéfín imí-ọjọ́ sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́, wọ́n á sì fi kọ́ọ̀kì dí i. Èéfín imí-ọjọ́ yìí náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi nínú ohun tó kan. Ibi yòówù kí ẹ ti wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wáìnì funfun, kíkan lẹ ó bá nídìí rẹ̀.

Nínú òkùnkùn ìgò, iṣẹ́ kò parí. Oúnjẹ kòkòrò ti tán, ṣùgbọ́n ásíìdì, ọtí àti àwọn èròjà olóòórùn ṣì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pààrọ̀ ara wọn. Òórùn èso tútù máa ń rọlẹ̀, òmíràn á sì gbapò rẹ̀. Wáìnì Sémillon ti Hunter Valley ní Australia ni mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Wọ́n máa ń ká àjàrà rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ṣúgà rẹ̀ tó pọ̀, nítorí náà agbára ọtí rẹ̀ kì í sábàá ju 10 tàbí 11% lọ. Bí ẹ bá mu ún ní ọdún àkọ́kọ́, ó dà bí omi tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ẹ ó sì máa wò ó pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá: ó ti ń rùn bíi búrẹ́dì tí wọ́n yan àti oyin, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò gbé e sínú àgbá igi rí. Chenin tí wọ́n ń gbìn ní Savennières, létí odò Loire, máa ń le koko ní kékeré lọ́nà tirẹ̀. Wáìnì Riesling ní tirẹ̀ máa ń di ohun tó ń rùn bíi kẹrosíìnì inú àtùpà. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní TDN ló ń fà á, oòrùn tó ń pa èso àjàrà lórí igi sì ń dá kún un. Àwọn kan kórìíra òórùn yìí. Ní tèmi, bó bá jẹ́ díẹ̀, mo gbà á.

Èyí ló mú kí títọ́ irú wáìnì bẹ́ẹ̀ wò ní kékeré rẹ̀ ṣòro. Adùn tó wà lẹ́nu lónìí kọ́ là ń wá. A ń wá ohun tí yóò ṣẹ́ kù nígbà tí adùn yẹn bá lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà á gbọ́ jù. Ẹ da wáìnì náà dé ìdá mẹ́ta ife, kì í ṣe kó kún, kí ẹ sì dẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bébà funfun. Wáìnì funfun tó wà ní kékeré máa ń mọ́lẹ̀, ó lè ní àwọ̀ ewé díẹ̀ létí. Bó ṣe ń dàgbà, á di àwọ̀ wúrà, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ oyin. Bí ìgò tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá ti pọ́n bí oyin dúdú, ẹ fura sí i. Ju èyí lọ, ojú lè tan yín jẹ. Ní 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì ní Bordeaux ní wáìnì funfun kan, wọ́n tún fún wọn ní ọ̀kan náà tí wọ́n ti fi àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn pa láró. Nígbà tó pupa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ròyìn wáìnì pupa ròyìn rẹ̀. Ojú ló ń sọ̀rọ̀, imú kàn ń ṣe àmín.

Kí imú tó dé, ọ̀rọ̀ kan nípa èdè. Ìwé àwọn òyìnbó kún fún èso tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí rí, kò sì sídìí tí ará Manigri, nítòsí Bassila, fi máa ya ẹnu rẹ̀ lò fún wọn. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó wà, lẹ́búlẹ́bú inú èso igbá wà, ẹ̀pà yíyan wà, oyin inú igbó wà. Agbègbè Bassila kún fún oko kajú, gbogbo wa la sì mọ òórùn èso kajú tó jábọ́ tó ti ń rà lábẹ́ igi nígbà ìkórè. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó sún mọ́ ìyẹn nínú wáìnì funfun, afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe òórùn kan náà nígbà gbogbo.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láì mi ife, kí ẹ tó wá yí i kí òórùn tó sá pamọ́ lè jáde. Wáìnì tó lè pẹ́ kì í sábàá sọ púpọ̀ fún yín ní kékeré. Èyí tó bá ti ń pariwo òórùn èso láti ojú ọ̀nà lè jẹ́ èyí tí ẹ máa gbádùn lónìí, kó sì ti dákẹ́ kí ọdún mẹ́ta tó pé. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn páálí tó tutù nínú ilé tí kò gba afẹ́fẹ́, kọ́ọ̀kì ló ti ba wáìnì yẹn jẹ́, ẹ má fìyà jẹ ẹnu yín.

Ẹnu ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ fà á tó ìwọ̀n ṣíbí kan, ẹ jẹ́ kó kárí ẹnu, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba ètè wọlé kí òórùn rẹ̀ lè gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè sí imú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní adùn ti ń wá. Ahọ́n fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju dídùn, kíkan, iyọ̀, ìkorò àti adùn ẹran tàbí irú lọ. Àwòrán tó pín ahọ́n, tó fi dídùn sí ṣóńṣó tó fi ìkorò sẹ́yìn, kò tọ́. Iṣẹ́ tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hänig ṣe ní Jámánì ní 1901 ni wọ́n ṣì kà. Gbogbo apá ahọ́n tó ní èèhù ìtọ́wò ló ń mọ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tu wáìnì dànù tàbí tí ẹ gbé e mì, ẹ tẹ orí ba díẹ̀, kí ẹ la ẹnu díẹ̀. Ẹ kíyè sí itọ́. Bí itọ́ bá ń sun lábẹ́ ahọ́n tí kò dáwọ́ dúró, kíkan rẹ̀ tó. Èyí dájú ju kí a máa béèrè bóyá ó kan tàbí kò kan lọ, nítorí ṣúgà díẹ̀ tàbí ọtí púpọ̀ lè bo kíkan mọ́lẹ̀ lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n itọ́ kì í purọ́. Ẹni tó bá ní àgbàyun nítòsí lè fi dán an wò. Èso pupa kékeré yìí, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Chevalier des Marchais ti rí lọ́wọ́ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1725, ní èròjà kan nínú tí ń jẹ́ miraculin, tó ń sọ kíkan di dídùn lórí ahọ́n fún bíi wákàtí kan. Ẹ tọ́ wáìnì wò, ẹ jẹ àgbàyun, ẹ tún un tọ́ wò. Èyí tí kíkan rẹ̀ le jù lọ ni yóò dùn jù lọ lẹ́yìn àgbàyun. Ìyàlẹ́nu ni fún ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹ má kàn gbàgbé pé iṣẹ́ títọ́wò ti parí lọ́jọ́ náà.

Kíkan nìkan kò tó. Fínígà náà kan. Ó gbọ́dọ̀ ní ara: ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára ní àárín ahọ́n, kó má lọ bí omi lásán. Ó lè fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀ bí èso kajú ti ń ṣe, nítorí èròjà tannin tó ń so mọ́ èròjà inú itọ́, àmọ́ nínú wáìnì funfun díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí òórùn rẹ̀ fi wà lẹ́nu lẹ́yìn tí wáìnì ti lọ. Àwọn Faransé ń pe ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn ní caudalie kan. Ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ iná ọtí tàbí kíkan lẹ ń kà. Bí òórùn náà bá kọjá mẹ́wàá, ó dára. Bó bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí wáìnì náà ṣì le koko, irú rẹ̀ ni mo máa ń tọ́jú pamọ́.

Ìdánwò tó wù mí jù kò gba ọgbọ́n kankan. Ẹ mu ìdá kan nínú ìgò, ẹ dí i padà, ẹ gbé e sínú firíìjì. Ẹ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Wáìnì tí afẹ́fẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo ti ba jẹ́ kò ní ọjọ́ ọ̀la. Èyí tó sunwọ̀n sí i lọ́jọ́ kejì ṣì ní ọdún nílẹ̀. Kì í ṣe òfin, afẹ́fẹ́ tó dà gììrì wọ inú ìgò tí a ṣí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó ń yọ́ gba ara kọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ó ti gbà mí lọ́wọ́ owó púpọ̀ tí ǹ bá ná sórí ohun tí kò ní pẹ́.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ti ṣì í. Àwọn wáìnì funfun Burgundy tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1990, pàápàá ti 1995 àti 1996, wà lára àwọn tí wọ́n rò pé yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn tó tọ́jú wọn ṣí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àìmọye ti pọ́n, ó ti kú. Wọ́n dá kọ́ọ̀kì lẹ́bi, wọ́n dá imí-ọjọ́ tí wọ́n dín kù lẹ́bi, wọ́n dá bí wọ́n ṣe ń fún àjàrà lẹ́bi, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Ahọ́n lè ka ohun tó wà nínú wáìnì. Kò lè ka kọ́ọ̀kì.

Kò sì lè ka ọ̀nà tí ìgò gbà wá. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ló le jù. Ìgò tó gúnlẹ̀ sí èbúté Cotonou, tó gba Savalou àti Bantè gòkè nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, tó sì wá dúró lóòró lórí pákó ṣọ́ọ̀bù, ti gbó ju ọdún tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Ooru ń mú gbogbo iṣẹ́ inú ìgò yára, ó sì ń ti kọ́ọ̀kì síta. Ẹ wo orí ìgò kí ẹ tó sanwó: bí kọ́ọ̀kì bá yọ sókè, tàbí tí wáìnì bá ti sun jáde lẹ́bàá rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bákan náà ni ìgò tó mọ́ gaara tó ti ń gba iná lójú fèrèsé láti ọjọ́ pípẹ́. Nǹkan bíi 10 sí 14 dígírì ni wáìnì fẹ́ láti máa gbé, ilé alámọ̀ pàápàá kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ ní Manigri, nítorí náà ìsàlẹ̀ firíìjì ni, bí iná kò bá máa lọ jù.

Ọ̀rọ̀ ìlera, kúkúrú. Ní oṣù kìíní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu fún ara. Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Bassila àti Manigri tí kì í fi ọtí kan ẹnu rárá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ títọ́wò máa ń tu ú dànù ni, ife mẹ́wàá láàárọ̀ kan, láì gbé ọ̀kan mì. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé e mì kò lè sọ nǹkan gidi nípa èyí tó ṣe ìkẹfà.

Bí ẹ bá wá rí ọ̀kan tó kọjá gbogbo èyí, ẹ ra mẹ́ta. Ẹ ṣí ọ̀kan báyìí, kí ẹ sì kọ déètì àti iye ọdún tí ẹ rò pé ó kù fún un sínú ìwé, pẹ̀lú ohun tí itọ́ ṣe àti iye tí ẹ kà. Ẹ ṣí èkejì ní ọdún mẹ́ta sí i, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ wé ohun tí ẹ kọ. Bó bá ṣì ń sunwọ̀n, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀kẹta. Bó bá ti ń rẹlẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ yín tó bá ń mutí lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ jọ ṣí i.